Dáwódù àti Àwọn Tó Mọ Inú Ọkọ̀

Àbúrò mi, bí o bá dúró lẹ́bàá títì ní Adégbayì n'Íbàdàn láàárọ̀, tí ò ń wo bí mọ́tò ṣe ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ, o lè rò pé bí aláyé ṣe dáyé nìyẹn. Ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, nígbà tí orí alárù ṣì ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbé. Mo rí i nínú ìtàn wa pé láti ìgbà náà, ẹni tó ra ọkọ̀ la máa ń kí kú oríire, a kì í bèèrè ẹni tó mọ inú rẹ̀. Ta ni ò mọ Sàlámì Agbájé n'Íbàdàn, olówó tó fi lọ́rì ṣòwò? Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n W. A. Dáwódù ti Èkó ńkọ́?

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni Dáwódù ń tún ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan mọ́tò. Nígbà tí ohun àjèjì yìí gúnlẹ̀ sí Èkó, tí púlọ́ọ̀gù àti irin rẹ̀ gbogbo ń ti òkè òkun wá nínú ọkọ̀ ojú omi, orí àjànàkú ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Síbẹ̀ ó tú u, ó tò ó, ó di ẹni tó ń kó mọ́tò wọ̀lú fúnra rẹ̀.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn náà. Ní Jámánì, lọ́dún 1888, Bertha, ìyàwó Karl Benz, kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sínú mọ́tò tí ọkọ rẹ̀ ṣe, ó wà á lọ sílé ìyá rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ìdọ̀tí dí páìpù epo mọ́tò náà lọ́nà. Abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ ló fi tú u. Lọ síbi tí àwọn mẹkáníìkì wa wà, wàá rí ọmọkùnrin tó yọ páìpù epo, tó fi í sẹ́nu, tó fẹ́ ẹ títí ìdọ̀tí fi jáde, tó tu epo dànù, tó nu ẹnu. Ọgbọ́n kan náà ni. Síbẹ̀ àwọn kan ò ní fún un lọ́mọ fẹ́, wọ́n ní epo ń rùn lára rẹ̀, títí ọkọ̀ wọn yóò fi kú lóru lọ́nà Ifẹ̀, tí wọn ó máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ó wù mí pé lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ń gba fírídọ̀ọ̀mù, tí ọ̀gá ti gbàdúrà fún un tán, kí wọ́n dárúkọ Dáwódù sí i létí kó tó gba sípánà rẹ̀.