Àbúrò mi ń to ìbọn l'Amẹ́ríkà, ló bá tún fẹ́ tún ti bàbá wa tò ní Ìsàn-Èkìtì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Báwọn kan ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, táwọn kan ń lọ sóde àríyá, ìbọn ni àbúrò mi tó wà ní Texas máa ń tò. Kì í ṣe ọdẹ, kì í ṣe ṣọ́jà, ó kàn fi ń najú ni.

Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. AR-15 ni, irú èyí tí Eugene Stoner ṣe nílé iṣẹ́ ArmaLite láàárín ọdún 1950 sí 1960. Apá ìsàlẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kà sí ìbọn gan-an. Apá òkè tó ní páìpù, èèyàn lè ní mẹ́ta: ti .223, ti 300 Blackout, ti 6.5 Grendel. Bó bá yọ ọ̀kan, á gbé òmíì lé e. Mo ní, "Ó ti yé mi. Ààrò kan, ìkòkò mẹ́ta." Ọmọ Ìsàn ni wá, àwọn ìyá wa ló ń mọ ìkòkò.

Àfi bó ṣe wálé ní Disẹ́ńbà tó rí ṣakabùlà bàbá wa lára ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kó pààrọ̀ páìpù ẹ̀, kó lè máa gba ọta ìgbàlódé."

Hàà! Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé ni? Òfin ìbọn ọdún 1959 ṣì wà ní Nàìjíríà o. Ṣakabùlà pàápàá, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ní in. Òfin ò sì gbà kéèyàn jókòó sílé kó máa to ìbọn bó ṣe wù ú.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìtòsí Ìrè Ògún la wà yìí, ẹ wá ń bẹ̀rù irin!"

Bàbá tá a rò pé ó ti sùn lórí àga ló dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ òsì ẹ̀ sókè. Ìka méjì ò sí níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún àbúrò mi pé àdá ló gé e. Irọ́ ni. Lọ́dún 1987, alágbẹ̀dẹ kan fi páìpù tuntun sí ìbọn tí Bàbá ní nígbà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tó gbé e lọ dọdẹ ọ̀yà, páìpù ọ̀hún bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú tì í ni kò ṣe sọ.

Bàbá ní, "Ṣé wọ́n wọn páìpù tìẹ kí wọ́n tó tà á fún ẹ?"

"Wọ́n wọ̀n ọ́n, Bàbá. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ṣèèṣì ki ọta 300 Blackout sí páìpù .223, òun náà lè bẹ́."

"Èyí tí wọ́n wọ̀n lè bẹ́. Ojú lásán ni wọ́n fi wọn tèmi."

Àbúrò mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń wo ibi tí ìka méjì wà tẹ́lẹ̀.

Ó ti padà sí Texas, ó ṣì ń to ìbọn ẹ̀ ní Sátidé. Ìbọn Bàbá ṣì wà lára ògiri bó ṣe wà. Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, eré tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́hùn-ún, ẹ má dìí mọ́ ẹrù wálé. Ìka ò ṣeé rà lọ́jà.