Ìkóóde tó ń bọ́ fúnra ẹ̀: kí ló dé tí wọ́n ń torí ẹ̀ pa odídẹrẹ́?

Ta ni kò mọ ìkóóde nílẹ̀ Yorùbá, ìyẹ́ pupa tó wà nídìí odídẹrẹ́? Òun ni wọ́n ń fi sí adé ọba, òun náà ni wọ́n ń so mọ́ iwájú orí ìyàwó òrìṣà. Òkun kò dí i lọ́nà rárá, àwọn tó ń sin òrìṣà ní Brazil ṣì ń lò ó títí dòní, ekodidé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Nǹkan iyì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé kéèyàn tó rí i, àfi kí ẹyẹ kú tàbí kó há sọ́wọ́ ọdẹ. Irọ́ gbáà ni, ìyẹ́ fúnra ẹ̀ ló sì máa jẹ́rìí sí i.

Ẹ má wulẹ̀ wá odídẹrẹ́ kiri kẹ́ ẹ tó rídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹ́ apá adìyẹ tàbí ti tòlótòló ti tó. Ẹ mú un dání kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pá àárín ẹ̀, níbi tó ti wọnú ara ẹyẹ, ihò ló wà nínú ẹ̀, bíi ti ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé ń fọn. Tó bá wá kúrò níbẹ̀ tó ń lọ sókè, ara ọ̀pá náà le, ṣùgbọ́n ohun funfun fúlẹ́fúlẹ́ bíi kànhìnkànhìn ló kún inú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, tó sì ń tẹ̀ láì ṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe é, mọ̀lẹ́bí ohun tí wọ́n fi ṣe èékánná wa ni.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lójú lásán, ó dà bí ewé kan ṣoṣo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o! Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ ló tò síra wọn, òwú kọ̀ọ̀kan tún ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́, àwọn ẹ̀ka yẹn sì ní ìkọ́ tíntìntín tí ojú èèyàn kò lè rí. Ìkọ́ yìí ló ń kọ́ ẹ̀ka kan mọ́ èkejì, bíi síìpù ṣòkòtò. Ẹ fọwọ́ fà á ya, á là. Ẹ wá fi ìka méjì fún un láti ìdí lọ sókè, á tún padà so pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ohun tí ẹyẹ ń fi ẹnu ẹ̀ ṣe nìyẹn nígbà tó bá jókòó sórí igi tó ń tún ara ẹ̀ ṣe. Húùhù tó wà nísàlẹ̀ kò ní ìkọ́ yìí ní tiẹ̀, ló fi ń rí játijàti. Kí òtútù má mú ẹyẹ niṣẹ́ tiẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé ẹyìn tí odídẹrẹ́ ń jẹ ló sọ ìdí ẹ̀ di pupa. Kì í ṣe ẹyìn. Odídẹrẹ́ àtàwọn ẹyẹ ìdílé ẹ̀ ló ń ṣe àwọ̀ yẹn nínú ara wọn, kò sí ẹyẹ mìíràn tó ní irú ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Nígbà tí ìyẹ́ bá ń hù lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀pá ẹ̀. Ẹ fà á tu nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti dàgbà tán, ẹ̀jẹ̀ á padà sẹ́yìn, ìyẹ́ á di òkú nǹkan bí orí èékánná. Tó bá gbó, á bọ́ fúnra ẹ̀, òmíràn á sì hù. Kò dun ẹyẹ rárá.

Àwọn oníṣòwò kò ní sùúrù ìyẹn. Wọ́n á fi àtè mú odídẹrẹ́, wọ́n á gé ìyẹ́ apá ẹ̀ kó má baà fò lọ. Ìyẹ́ tí wọ́n bá sì gé kò ní í gùn sí i mọ́, àfi kí kùkùté ẹ̀ kọ́kọ́ bọ́, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé ṣe láti tú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní Limbe, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn títí ìyẹ́ á fi hù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ sọ lọ́dún 2016 pé láti 1992, odídẹrẹ́ tó ti pòórá tó 90 sí 99 nínú 100. Ọdún 2016 yẹn kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó tà láti ilẹ̀ kan sí ìkejì. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọba má dé adé, tàbí kí olórìṣà pa àṣà tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé ìkóóde wá bá, kó bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti rí i. Ṣé èyí tó bọ́ fúnra ẹ̀ tí wọ́n ṣà nílẹ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n fà tu lára òkú ẹyẹ? Ìyẹ́ tó bọ́ lónìí, òmíràn á rọ́pò ẹ̀. Odídẹrẹ́ tó kú kò tún ní í hu ìkóóde mọ́.