Ọkọ̀ Òfurufú Inú Yìnyín àti Mobilẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ka Le Petit Prince. Mo sọ fún wọn pé awakọ̀ òfurufú ni Antoine de Saint-Exupéry tó kọ ìwé náà, àti pé ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1944, nígbà ogun, ó gbéra ní erékùṣù Kọ́síkà, òun nìkan nínú ọkọ̀ òfurufú P-38, láti lọ ya àwòrán ilẹ̀ tí ọ̀tá gbà, kò sì padà wá mọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní: «Ọ̀gá, ọkọ̀ náà ńkọ́? Ṣé kò sí ẹni tó lọ wá a ni?» N kò mọ èsì. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

N kò mọ̀ pé ìbéèrè ọmọ yẹn yóò mú mi padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Kétu.

Wọ́n wá ọkọ̀ náà, wọ́n sì rí i. Ní ọdún 1998, àwọ̀n apẹja kan gbé ẹ̀gbà ọwọ́ tí orúkọ òǹkọ̀wé náà wà lára rẹ̀ jáde nínú òkun nítòsí Marseille. Ní ọdún 2000, òmùwẹ̀ kan, Luc Vanrell, rí àfọ́kù ọkọ̀ òfurufú nísàlẹ̀ òkun. Wọ́n gbé díẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Nọ́ńbà tó wà lára irin ni wọ́n fi dá a mọ̀ ní ọdún 2004. Àwọn irin náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Le Bourget, lẹ́bàá Paris, bí omi òkun ṣe jẹ wọ́n. Ohun tó kù kéré jù fún àtúnṣe, ẹ̀mí sì ti bọ́ níbẹ̀. Ó tọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n P-38 mìíràn wà tí ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1942, mẹ́fà nínú irú ọkọ̀ yìí àti B-17 méjì ń ti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ọjọ́ burú, epo ń tán lọ, gbogbo wọn sì balẹ̀ tipátipá sórí yìnyín Greenland. A gba gbogbo àwọn èèyàn inú wọn là, a sì fi àwọn ọkọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni yìnyín ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí Pat Epps àti Richard Taylor, ará Atlanta, kọ́kọ́ lọ wá wọn, wọ́n rò pé ìrù ọkọ̀ yóò ṣì yọ síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ mọ ibi tí wọ́n wà: nǹkan bí mítà 80 nísàlẹ̀ yìnyín! Wọ́n fi ẹ̀rọ olómi gbígbóná yọ́ ihò wọlẹ̀. B-17 tí wọ́n kọ́kọ́ bá ní ọdún 1990, yìnyín ti rún un. Ní ọdún 1992 wọ́n dé ọ̀dọ̀ P-38 kan tó ṣì ṣeé gbà là. Wọ́n yọ́ yìnyín yí i ká títí ó fi dà bí yàrá, wọ́n tú ọkọ̀ náà, wọ́n sì ń fa á sókè lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n pè é ní Glacier Girl.

Àtúnṣe rẹ̀ ní Middlesboro, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Èyí tó ṣeé lò, wọ́n tún un ṣe. Èyí tó bàjẹ́ jù, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2002, Steve Hinton wà á gòkè lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ní ọdún 2007, ó gbéra láti parí ìrìnàjò ọdún 1942 dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Goose Bay, ní Kánádà, wọ́n rí i pé omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń jò. Wọ́n dá ìrìnàjò náà dúró.

Àwọn kan yóò bi wá pé: ṣé ọkọ̀ kan náà ni, nígbà tí wọ́n ti pààrọ̀ irin rẹ̀? Ọmọ Kétu kò ní pẹ́ dáhùn. A máa ń tún igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn kó tó jáde, a kì í torí ọ̀dà tuntun sọ pé igi mìíràn ni.

Ní Greenland yìí kan náà, ọkọ̀ ńlá kan, B-29 tí wọ́n ń pè ní Kee Bird, balẹ̀ sórí adágún dídì ní oṣù kejì ọdún 1947. Ní ọdún 1994, Darryl Greenamyer kó àwọn èèyàn lọ tún un ṣe níbẹ̀, kó lè fò jáde. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n gbé táyà lọ. Àìsàn kọ lu Rick Kriege, olórí mẹkáníìkì wọn, ó sì kú. Wọ́n padà lọ ní ọdún 1995. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, bí ọkọ̀ náà ti ń yí lórí yìnyín láti gbéra, iná sọ níbi ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tó wà lẹ́yìn. Àwọn èèyàn sá jáde. Ọkọ̀ náà jóná níbẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo pa ìwé dé. Mo mọ iná yẹn.

Tíṣà ni bàbá mi. Mobilẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń gùn láti Kétu lọ sí àwọn abúlé tí wọ́n ti ń kọ́ni. Nígbà tí wọ́n pé ọdún kan lẹ́yìn ikú wọn, mo fẹ́ kí àwọn àlejò rí mi lórí rẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́ bẹ̀ mí: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tú u ná. Rọ́bà epo rẹ̀ ti gbẹ.» N kò gbọ́. Ayẹyẹ ku ọjọ́ méjì. Mo da ẹ̀sáǹsì sí i, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún. Rọ́bà ya, iná sì gbà. Kí a tó fi iyanrìn pa á, ìjókòó ti jó, àpótí tí Bàbá ń kó ṣọ́ọ̀kì àti ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé sí sì ti jó pẹ̀lú.

Èyí tó burú jù kọ́ nìyẹn. Ìyá wa rò pé àbúrò mi ló tún un ṣe tí kò ṣe é dáadáa. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá a wí. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́. Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò jẹ́ kó fọwọ́ kan mobilẹ́ẹ̀tì náà mọ́, òun náà kì í sì í pẹ́ nílé bó bá wá.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti kọ òwe yìí sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Àwọn tó dúró ní Goose Bay mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, mo ní kí àbúrò mi wá bá mi ní Kétu. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo jẹ́wọ́ níṣojú rẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àbúrò mi: «Kí ló dé tí o kò sọ?» Ó ní: «Ìyá, ẹ kò bi mí.» Ìyá dìde, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

A ti tú u báyìí. A to àwọn irin rẹ̀ sórí ẹní, a sì ń fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tíì rìn. Àbúrò mi ló máa sọ ọjọ́ tí yóò rìn, Ìyá ló sì máa sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gùn ún. Àpótí ṣọ́ọ̀kì kò lè padà wá; a kò ní ṣe ayédèrú rẹ̀.

Mo dá ọmọ kíláàsì mi lóhùn ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo ti ṣèlérí. Mo sọ ti Marseille, ti Glacier Girl àti ti Kee Bird fún un. Mo fi ti Kétu pamọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn wa ni mo ń sọ ọ́ fún báyìí, òun náà yóò sì kà á níbí.