Ẹni Tí Ń Ka Ẹyẹ Inú Igbó

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni àwa fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn lè wí pé, “Èwo ni ti ẹyẹ, nígbà tí oúnjẹ wọ́n lọ́jà?” Àwa bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa. Agbe, àlùkò àti lékeléke ni àwọn bàbá wa fi ń súre fún ọmọ. Àwọn ará Ìwó sì ń fi òdídẹrẹ́ yangàn nínú oríkì wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó nínú ilé wa ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí àlùkò lórí igi? Orúkọ ń bẹ lẹ́nu wa. Ẹni tí ó ni orúkọ ń kúrò nínú igbó.

Ẹyẹ kan wà tí a fi orúkọ ìlú Ìbàdàn pè: malimbe Ìbàdàn ni. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ara rẹ̀ dú, ṣùgbọ́n orí àti àyà akọ rẹ̀ pọ́n fòò. Ní ọdún 1958 ni Ọ̀gbẹ́ni J. H. Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní University College Ìbàdàn, kọ̀wé nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tí ayé kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé. A ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun, nítorí igbó rẹ̀ ni a ń gé fún oko, fún pákó àti fún ilé. Bí ó bá parun lọ́dọ̀ wa, kò sí ibi tí a ó ti lọ tọrọ òmíràn.

Báwo ni a ó ti mọ̀ bí ẹyẹ ń pọ̀ tàbí ó ń dínkù? Nípa kíkà ni. Akọ̀wé ni àwa nípa iṣẹ́ òòjọ́ wa. Àwa sì mọ̀ pé ẹni tí kò kọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kì í mọ ọjọ́ tí ó ń tán lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò pọ̀ tó láti wọ gbogbo igbó. Nítorí náà, ní Bírítéènì láti ọdún 1968 títí dé 1972, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó. A pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 10, wọ́n sì ń wá ẹyẹ tí ń pamọ níbẹ̀. Ẹ̀rí wọn jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Bí ẹyẹ bá kàn ń kọrin ní àkókò ìpamọ, wọn a kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe. Bí akọ àti abo bá jọ ń gbé ibẹ̀, wọn a ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì gbé kòkòrò lẹ́nu lọ fún ọmọ nínú ìtẹ́, nígbà náà ni wọ́n ń wí pé ó dájú.

Irú iṣẹ́ yìí ti dé ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2015 ni a bẹ̀rẹ̀ Nigeria Bird Atlas Project, ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ti A. P. Leventis ní Jos sì ń bẹ nínú rẹ̀. Nínú igun kọ̀ọ̀kan, tí ìhà rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 9, olùyọ̀ǹda a lo wákàtí 2 ó kéré tán, a sì máa kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó gbọ́ sínú fóònù rẹ̀, bí wọ́n ti ń tẹ̀ léra.

Àwa náà ti bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa kan lọ sí etí igbó ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan gbọ́ ohùn kan lókè igi. Ẹnìkejì rẹ̀ fi ìtara dárúkọ ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀!” Ọmọbìnrin náà dúró, ó tún fetí sílẹ̀, ó wí pé, “Kò dá mi lójú. N kò ní kọ ọ́.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin kẹsàn-án, pé kí a má jẹ́rìí èké. Níbẹ̀ ni a ti rí i tí a pa á mọ́ nítorí ẹyẹ. Ẹni tí ó kọ ohun tí kò rí ń mú kí olùṣọ́ sùn nígbà tí olè wà lẹ́nu ọ̀nà. Bákan náà, ẹni tí ó rí ẹyẹ díẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú láti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi hàn níbi tí igbó ti ń dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kò ju agbára yín lọ. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àwọn ẹyẹ agbègbè yín kí wọ́n tó lọ sinmi. Ẹ gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin, ẹ fún wọn ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹlẹ́dàá tí ó mú ẹyẹ wá síwájú Ádámù láti sọ wọ́n lórúkọ kò tíì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Bí ọmọ yín bá sì béèrè ohun tí ń ké lẹ́yìn ilé, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé ẹyẹ lásán ni.