Oògùn Ojú Kì Í Ṣe Ohun Àjùmọ̀lò

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Àwa tí a ń gbé Araromi-Obu mọ̀ pé ọba náà ń jìyà. Bí ọyẹ́ bá mú, tí ọkọ̀ ń ru eruku sókè, tí èéfín ìdáná tún dá kún un, ojú á gbẹ, á máa ta èèyàn bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, omi gan-an ni yóò máa dà níbẹ̀.

Bí ti ìyá mi ṣe rí nìyẹn nínú ọyẹ́ kan. Aládùúgbò wa, obìnrin ọlọ́yàyà, gbé ìgò oògùn ojú tirẹ̀ wá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ṣí i. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, a ó ra tiwa."

Ó fajú ro. "Ṣé mo lárùn lójú ni?"

Ìyá mi pàápàá bá mi wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò yí ohùn padà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023. Kòkòrò àrùn kan tàn kálẹ̀, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ìdí oògùn ojú gbígbẹ kan, EzriCare, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Ènìyàn 81 ló mú ní ìpínlẹ̀ 18. Ènìyàn 4 kú, ìríran àwọn 14 lọ, wọ́n sì yọ ẹyinjú àwọn 4. Bí ìgò tuntun bá lè ṣe èyí, kí la ó wí nípa ìgò tí ojú mẹ́rin ti jọ lò?

Oògùn náà kò burú, ìlò rẹ̀ ló ṣe kókó. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ gbórí sẹ́yìn, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ kán ẹyọ kan. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ojú tàbí ìka. Bí ojú bá ṣú díẹ̀, ẹ má tíì gun ọ̀kadà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ń sọ nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Ìtọ̀ àti omi ọmú kì í ṣe oògùn ojú o! Ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn tó ní steroid: bí a bá ń lò ó lọ láìsí dókítà, ó lè fọ́ni lójú pátápátá.

Bí ojú bá pọ́n, tó ń dunni gidi, tàbí tí ìríran dín kù, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ẹ gbà lọ. Bí a bá sì fẹ́ràn aládùúgbò wa lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká bá a ra ìgò tirẹ̀.