Èdè Ìbáwí, Èdè Àṣírí

Iṣẹ́ méjì ni Yorùbá ń ṣe jù nínú ilé àwa tí a ń gbé Thamesmead: a fi ń bá ọmọ wí, a sì fi ń bo àṣírí. Ẹ dúró létí adágún Southmere lọ́sàn-án Sátidé tí oòrùn bá yọ, ẹ ó gbọ́ ọ. “Kúrò létí omi yẹn!” “Ṣé etí ẹ di ni?” “Jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ẹ!” Yorùbá pọ́nńbélé ni gbogbo ìyẹn. Bí ìyá ọmọ bá ti jágbe tán, á gbé fóònù sétí, á máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ti ẹni tó kó owó èsúsú tí kò dá a padà, àti ti ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Yorùbá náà ni. Àmọ́ tó bá fẹ́ bi ọmọ yẹn pé kí ló jẹ níléèwé, ta ló bá ṣeré, kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi bi í. Ọmọ ọdún méje kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti mọ èyí tí ìfẹ́ wà nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ pé kéèyàn sá fún un ni.

Ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú ní ilé àwọn arúgbó kan lápá Plumstead ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ará Mayo ni, ní ìwọ̀ oòrùn Ireland. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti wá ṣiṣẹ́ ní London. Mo bi í lóru ọjọ́ kan bóyá ó gbọ́ èdè wọn, Gaeilge. Ó ní òun gbọ́ èyí tó tó gbàdúrà sí Màríà Wúńdíá, èyí tó tó lé màlúù, àti èébú. Bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó bá dé, tàbí ọ̀rọ̀ ọmọ aládùúgbò tó lóyún láìlọ́kọ, nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Níléèwé, wọ́n kọ́ ọ ní èdè náà lóòótọ́, àmọ́ ẹgba ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ilé tiwa lẹ ń sọ yìí o.”

Àwọn ará Ireland kò ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ èdè àwọn mọ́. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù, òun ni èdè ẹni tó ń gba owó ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dùnkún wọn wá ń jẹrà lóko. Láàárín 1845 sí 1852, ebi àti àìsàn pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn, mílíọ̀nù kan mìíràn sì wọkọ̀ ojú omi sá lọ. Àwọn tálákà ìwọ̀ oòrùn, tó jẹ́ pé Gaeilge ló wà lẹ́nu wọn, ni ìyà náà jẹ jù. Òbí tó rí irú èyí, tó sì mọ̀ pé Liverpool tàbí Boston ni ọmọ òun yóò ti jẹun, èdè wo ni kó kọ́ ọ? Igi pẹlẹbẹ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní bata scóir, ọrùn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń so ó mọ́. Ìgbàkúùgbà tí ọmọ bá fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ sá igi náà lójú kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tíṣà á ka ojú ọ̀bẹ, á sì na ọmọ ní iye tó bá kà. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń bá tíṣà sá a nílé.

Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún èmi tí mo ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Pátákó ni tiwa, wọ́n kọ “vernacular” gàdàgbà sí i, ọrùn náà ni wọ́n ń fi kọ́. Bí o kò bá fẹ́ kó sùn lọ́rùn rẹ, o ní láti máa ṣọ́ ọmọ mìíràn tí yóò ṣi ẹnu sọ Yorùbá, kí o lè gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Nígbà tó yá, Ireland fẹ́ gba èdè rẹ̀ padà. Ní 1893, Douglas Hyde àti Eoin MacNeill pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Conradh na Gaeilge sílẹ̀ láti jí i dìde. Ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Hyde, Gaeilge kì í ṣe èdè ilé bàbá rẹ̀; lẹ́nu àwọn mẹ̀kúnnù àdúgbò ló ti gbọ́ ọ tó fi kọ́ ọ. Òun náà ló di Ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ireland ní 1938. Òfin ìpìlẹ̀ 1937 ti sọ ọ́ kedere pé Gaeilge ni èdè orílẹ̀-èdè àti èdè ìjọba àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ìkejì. Gaeilge jẹ́ dandan níléèwé. Tẹlifíṣàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ní 2007, ó di ọ̀kan lára àwọn èdè tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń ṣiṣẹ́. Kí ni ìjọba tún lè ṣe fún èdè? Ẹ wá wo ìkànìyàn wọn ti 2022: ènìyàn 1,873,997 ló ní àwọn lè sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn odi iléèwé jẹ́ 71,968.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ nù, kì í ṣe Yorùbá mọ́. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ, mo ti gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì 177 tó ń ná Thamesmead sí Peckham, níbi tí wọ́n ti ń yanjú gbogbo ọ̀ràn ayé. N kò gbà á. Ta ló jẹ́ sọ fún ìyá àgbà Mayo yẹn pé kì í ṣe ọmọ Ireland? Woolwich tó wà nítòsí wa kò jẹ́ kó gbàgbé. Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1974, àwọn ajàjàgbara Ireland tí wọ́n ń pè ní IRA ju bọ́ǹbù sínú ilé ọtí King's Arms níbí, ènìyàn méjì kú. Màmá ní ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí òun tó lè la ẹnu nínú bọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá kúkú sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀ yóò tú u fó.

Ó kan àwa náà. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2013, ní Woolwich yìí kan náà, ọkùnrin méjì pa sójà kan, Lee Rigby, lójú títì lọ́sàn-án gangan. Ọmọ Bìrìtéènì ni àwọn méjèèjì, àmọ́ Adébọ́lájọ àti Adébọ̀wálé ni orúkọ wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo rí àwọn Adé tí wọ́n gé orúkọ wọn kúrú níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ Yorùbá.

Ohun tí mo rí dì mú nìyí. Jíjẹ́ ọmọ ìran kan kò dúró lé èdè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èdè fi lè yọ́ lọ láìsí ẹni tó fura. Gèlè á ṣì máa ga gogoro ní gbọ̀ngàn òde, aṣọ ẹbí á ṣì wà, ọmọ á ṣì máa jẹ́ Olúwaṣeun, wọ́n á ṣì máa dọ̀bálẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan dín?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé yóò gbà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970, pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ń mọ̀wé ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lórí èdè Yorùbá ní 2018. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí máa jẹ́ èdè ìkọ́ni lálákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e.

N kò lè dá àwọn òbí tó ti ṣáájú wa débí lẹ́bi. Thamesmead tí wọ́n bá kò dẹ̀ bí ti òní. Ní oṣù Kejì 1991, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó gún Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, pa níbí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìyá tó ń tọ́ ọmọkùnrin lásìkò yẹn, kó má fún ẹnikẹ́ni ní àwáwí ni àdúrà rẹ̀. Àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru sọ fún mi pé, “Mo fẹ́ kí wọ́n wà láàyè ná. Èdè á bá wọn níwájú.”

Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹ̀rín wa. Níbi ìsìnkú kan ní Woolwich, ọmọkùnrin gìrìwò kan wá kí wa nídìí tábìlì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kóòtù rẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà.” Aago méje alẹ́ ti lù. Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. “Òyìnbó! Tún un sọ ká gbọ́!” Ẹnìkan ti yọ fóònù láti gbà á sílẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì padà sídìí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. N kò tún gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ títí tí a fi túká. Àwa tí wọ́n kọ́ pátákó lọ́rùn nítorí pé a sọ Yorùbá ni a tún ń gbé e kọ́ ọmọ tó fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí, bí ọmọ bá kí yín káàárọ̀ lálẹ́, ẹ dá a lóhùn pé, “O káalẹ́, ọmọ mi, jókòó.” Ẹ máṣe rẹ́rìn-ín. Kí ẹ wá fi Yorùbá bi í pé báwo ni Arsenal ṣe gbá bọ́ọ̀lù lánàá. Woolwich níbí làwọn òṣìṣẹ́ ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1886, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, ẹ má dá a dúró. Ẹ̀yin ẹ sáà máa bá Yorùbá yín lọ.