Apànìyàn Ló Ń Padà Wá, Àbí Ẹni Tí Wọ́n Pa?

Ẹ̀rù máa ń bà mí, mo sì fẹ́ràn kó máa bà mí. Bí wọ́n bá ti fi fíìmù ẹlẹ́jẹ̀ sí i ní ilé ìwòran wa ní Snake Island, erékùṣù kan ní Èkó, bẹ́ǹṣì kì í tó. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé láti ibi iṣẹ́ ní Àpápá, àtàwọn ọ̀rẹ́ tó wá kí wọn láti Ajégúnlẹ̀, á fún ara wọn mọ́ra, gbogbo wa á sì máa pariwo mọ́ ọmọbìnrin inú fíìmù pé kó má ṣílẹ̀kùn. Bí àyà wa bá ti já tán, a ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọn kò kí ara wọn tẹ́lẹ̀ á di ọ̀rẹ́ kí iná tó kú. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn.

Apá kejì irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́ fún mi. Ẹ wo Halloween, fíìmù Amẹ́ríkà tí John Carpenter ṣe ní 1978. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Orin, òkùnkùn àti ọkùnrin kan tó dákẹ́, tó ń wo ènìyàn lọ́ọ̀ọ́kán, ló ń gba oorun lójú ẹni. Nígbà tí apá kejì dé ní 1981, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí i dáadáa, ìbẹ̀rù sì dín kù.

Friday the 13th ló dùn mí jù. Nínú èyí tó jáde ní 1980, ìyá kan ni apànìyàn náà. Jason, ọmọ rẹ̀, ló ti bómi lọ nínú adágún, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kí wọ́n máa mójú tó o kò sí nídìí iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń gbé láàárín omi bíi tiwa, tó ń fi ọmọ sínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, kò ní rí irú rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí a wò ó, ariwo dáwọ́ dúró. Ìyá kan tó ń yan ẹja ládùúgbò wa ló sọ̀rọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n: “Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ń pa ńkọ́?”

Láti 1981 ni Jason fúnra rẹ̀ ti di apànìyàn. Apá kẹta, ní 1982, ló ti gbé ìbòjú tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n wọ̀. Ní 1984, wọ́n pe apá kẹrin ní àṣekágbá. Ní 1985, òmíràn ti jáde. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀fọ̀ ìyá náà. Àwa òǹwòran wá ń ka òkú bí ẹni ń ka góòlù.

Ẹ wá wo fíìmù tiwa ní Nàìjíríà. Nínú Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992, Andy fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣòògùn owó. A ti mọ Merit, a ti fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n tó pa á, ìdí nìyẹn tí ikú rẹ̀ fi wọ̀ wá lára. Òkú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí Andy gbádùn owó náà. Nínú apá kejì, ní 1993, wèrè dé bá a. Nígbà tí Ramsey Nouah darí èyí tó tẹ̀ lé e ní 2019, ọ̀rọ̀ náà ti kan ọmọ Andy. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Nínú ti àwọn ará Amẹ́ríkà, apànìyàn ló ń padà wá. Nínú tiwa, ẹni tí wọ́n pa ló padà wá béèrè ẹ̀mí rẹ̀.

Ní 2024, NFVCB, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ wa, kéde òfin tó fẹ́ fòpin sí bí fíìmù ṣe ń gbé òògùn owó lárugẹ. Mo gbà pé ó yẹ, nítorí a ń gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n ń pa ọmọ ènìyàn lóòótọ́ nítorí owó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gé ẹ̀jẹ̀ kúrò nìkan kò tó. Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ dẹ́rù bà wá, ẹ ṣe apá kejì àti ìkẹta bó bá wù yín. Ẹ ṣáà jẹ́ ká mọ orúkọ ẹni tó kú àti ilé tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó pa á jíyìn.